Bí Àgbà Bá Gbàgbé, Kí Ilé Má Ṣe Gbàgbé

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ bá àwọn ìdílé sọ ní ọ̀sẹ̀ Júbílì



  

Ìdílé Kristẹni ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, nítorí náà ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú nínú rẹ̀, ẹ̀ka tí a kì í sábà mẹ́nu bà nínú ìwàásù: àwọn àgbà wa tí iyè wọn ń ra. Mo yàn án nítorí pé àsìkò ìrántí ni Júbílì jẹ́. A ń dárúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìrìbọmi, àwọn tí ó ru omi àti yẹ̀pẹ̀ nígbà tí à ń kọ́lé ìjọsìn, àwọn ìyá tí ó kọ́ wa ní àmì àgbélébùú. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: nínú wọn, àwọn wo ni ó ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n tí wọn kò rántí mọ́ pé àwọn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà? Ta ni ń lọ kí wọn? Ohun tí mo ní láti sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí àgbà bá gbàgbé, ilé rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀ ni Ọlọ́run fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀.

1. Àìsàn ni, kì í ṣe èpè

Kò sí ẹni tí kì í gbàgbé. Ẹni tí ó wá kọ́kọ́rọ́ tì, tí ó wá rántí ibi tí ó fi í sí nígbà tí ó yá, kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí ìyá tí ó ti ń tajà láti ọgbọ̀n ọdún kò bá lè ṣírò ṣéńjì mọ́; bí bàbá bá sọnù lójú ọ̀nà oko tí ó ti ń rìn láti kékeré; bí ó bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí iṣu tó jinná; bí ẹni jẹ́jẹ́ bá ṣàdédé di oníbìínú tí ń fura sí gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti kọjá ọjọ́ ogbó lásán. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ní orúkọ fún un. Wọ́n á ní iyè onítọ̀hún ti ra, tàbí pé ó ń ṣarán.

Ní ọdún 1906, dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Alois Alzheimer ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí ó ti wà ní ìtọ́jú rẹ̀. Ọmọ ọdún 51 ni obìnrin náà nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní 1901. Ọpọlọ náà ti súnkì, àwọn ìdọ̀tí kan sì ti gbára jọ sáàárín àwọn ẹ̀ya tíntìntín tí a fi ń ronú. Orúkọ dókítà náà ni a fi ń pe oríṣi àìsàn yìí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Oríṣi mìíràn a máa wá láti ara ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè dé apá kan ọpọlọ mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2021, mílíọ̀nù 57 ènìyàn ni irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń bá fínra ní gbogbo ayé, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Láti ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn aṣáájú wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń tẹ̀ lé ìgbésí ayé àwọn arúgbó Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, wọ́n rí i pé nínú 100 ẹni tí ó ti pé ọdún 65, àìsàn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ẹni tí ó lé ní 1 díẹ̀ lọ́dún kan ní Ìbàdàn, nígbà tí ó ń mú ẹni tí ó lé ní 3 ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà. Ní orílẹ̀-èdè tiwa níbí, àwọn oníṣègùn ṣe àyẹ̀wò fún àwọn arúgbó tí ó lé ní 500 ní Djidja. Èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 10 ni iyè wọn ti ń dín kù, nǹkan bí 3 ni àìsàn náà sì ti mú gan-an. Abúlé àwọn àgbẹ̀ bíi tiwa ni Djidja. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé kò sí ní Manigri.

2. Ẹ̀sùn tí ń pa àgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi yìí. Obìnrin arúgbó kan dìde lóru, ó jáde síta láìwọ aṣọ tó, ó dúró lẹ́yìn ilé aládùúgbò, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ara ọmọ aládùúgbò gbóná. Kí ni wọn yóò wí? Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọn yóò pe ìyá náà, wọn yóò ní, “Ìwọ ni o wá síbí lóru?” Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ìwọ ni o mú ọmọ yìí?” Yóò tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn yóò sì ní ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi jẹ́wọ́.

Ará mi, ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra a máa gbà sí ohunkóhun tí a bá bi í. Ibi tí ìrántí rẹ̀ bá ti já, a máa fi ọ̀rọ̀ tí ó bá wà nítòsí dí i, ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sì fi sí i lẹ́nu ni ó wà nítòsí jù. Irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Nǹkan bí ọdún 1975 sí 1976, nígbà ìjọba Mathieu Kérékou, tí a gbógun ti àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀pọ̀ arúgbó obìnrin ni ó jìyà irú ẹ̀sùn báyìí. Òfin kẹjọ Ọlọ́run kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì wa. Ẹni tí ó bá sì fi ibà ọmọdé di ẹ̀sùn sí arúgbó lọ́rùn ṣe ibi méjì: ó ba àgbà lórúkọ jẹ́, ó tún dá ọmọ dúró kí ó má tètè dé ilé ìwòsàn.

3. Ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ lọ

Ohun púpọ̀ ni ó lè da orí àgbà rú, tí ó sì ṣeé wò sàn. Ibà lè ṣe é. Àìmu omi tó lè ṣe é, pàápàá ní àkókò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn inú ìtọ̀, àtọ̀gbẹ, oògùn tí a lò pọ̀ láìbéèrè, ìṣubú tí ó fi orí gbá nǹkan, àti ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí ti aya. Etí dídi nìkan lè mú kí a rò pé àgbà ti ń ṣarán, nígbà tí ó jẹ́ pé kò gbọ́ ohun tí a wí ni. Nítorí náà, ẹ di àmì yìí mú: bí ìdàrúdàpọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má ṣe pè é ní ogbó. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Èyí tí ó bá ń wá díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù ni ó jọ àìsàn tí à ń wí.

Títí di òní, kò sí oògùn tí ń wo àìsàn Alzheimer sàn. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n lè ṣe ìrànwọ́ díẹ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá bá yín pẹ̀lú ìgò, tí ó ní òun yóò dá iyè padà láàárín ọjọ́ méje, owó kajú yín ni ó ń wá. Ẹ̀wẹ̀, a lè dènà rẹ̀ dé àyè kan. Ní 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn The Lancet kó jọ sọ pé nǹkan bí 45 nínú 100 ni ìbá ṣeé dènà tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó dé, bí a bá mójú tó ohun 14. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, etí dídi, sìgá, ọtí àmujù, àìlọ sílé ẹ̀kọ́ ní kékeré, àti dídá gbé láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ogójì sí àádọ́ta ọdún, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì dín sódàbí kù.

4. Bí a ti í gbé pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí; bí a ti í fún àgbà ní ọmú náà ni a kò mọ̀. Mo kó díẹ̀ jọ nínú ohun tí àwọn oníṣègùn ń kọ́ni àti ohun tí mo ń rí nínú ilé yín nígbà tí mo bá ń bẹ àwọn aláìsàn wò.

Ẹ má ṣe fi ìbéèrè dán àgbà wò. “Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ mí? Ta ni mí?” Ìtìjú ni èyí ń kó bá wọn. Ẹ wólẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tí ẹ jẹ́: “Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Èmi ọmọ yín tí ó wà ní Parakou ni.” Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró de ìdáhùn. Ẹ kì wọ́n ní oríkì wọn. Mo ti rí bàbá tí kò mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́, tí ó gbé orí sókè nígbà tí wọ́n kì í ní oríkì ìdílé rẹ̀, tí ó sì bá wọn kì í dé òpin. Ohun tí ó wọlé ní ìgbà èwe ni ó máa ń pẹ́ jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè. Ní agbègbè wa, ẹnì kan lè gbọ́ Nàgó, Anii, Kotokoli àti Faransé. Nínú àìsàn yìí, èdè tí a kọ́ kẹ́yìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, èdè ìyá ẹni ni ó sì máa ń kù. Tíṣà àtijọ́ tí ó ti fi Faransé kọ́ wa lè má gbọ́ Faransé mọ́. Ẹ bá a sọ èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́. Nítorí èyí, bí ẹ bá fẹ́ gbé àgbà lọ sí Kútọnu sọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ tí wọn kò gbọ́ ju Faransé lọ, ẹ rò ó dáadáa. Ilé tuntun, ojú ọ̀nà tuntun àti èdè tí kò yé e yóò dá kún ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀. Ó sàn kí àwọn ọmọ máa wá sílé ní àgbéyípo.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ní ètò tí kì í yí padà: wákàtí ìwẹ̀, wákàtí oúnjẹ, wákàtí àdúrà nígbà tí agogo ìjọsìn bá lù. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀. Ìyá tí kò lè dá se ọbẹ̀ mọ́ lè ṣa ẹ̀wà. Bàbá tí kò lè lọ sóko lè pa kóró kajú. Bí kò bá tilẹ̀ ṣe é dáadáa, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ara ọ̀pọ̀ wọn kì í balẹ̀. Ẹ tètè tan iná, ẹ dín ariwo rédíò kù, kí ẹnì kan sì jókòó tì í. Ẹni kan náà ni kí ó máa wẹ̀ ẹ́, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí aṣọ sì bo ìhòòhò rẹ̀, nítorí ìtìjú kì í bá iyè lọ.

Ẹ ṣọ́ iná ìdáná. Ẹ bo ẹnu kànga. Ẹ má ṣe rọ oògùn apakoríko sínú ìgò ọtí tàbí ti ohun mímu mìíràn, nítorí àgbà tí òùngbẹ ń gbẹ yóò mu ún. Ẹ ran orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ilé mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, fún àwọn tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà, àti fún àwọn oní-zemidjan pé bí wọ́n bá rí i níbi tí ó jìn sílé, kí wọ́n fi sùúrù mú un padà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ nítorí ìtìjú, inú igbó ni yóò ti wá bàbá rẹ̀.

5. Òtítọ́ àti àánú

Àwọn kan nínú yín ti bi mí ní ìbéèrè kan tí ó ṣòro. Ìyá ń béèrè ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú láti ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá sọ fún un pé ó ti kú, yóò gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò sunkún, yóò gbàgbé, yóò sì tún béèrè kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá ní ó ti lọ sóko, ṣé irọ́ kọ́?

Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní ọdún 1992, ní nọ́ńbà 2488 àti 2489, kọ́ wa pé ìfẹ́ ni ó ní láti tọ́ wa nínú sísọ òtítọ́, àti pé a gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó tọ́ láti sọ ọ́ fún ẹni tí ó béèrè. A kò ní kí ẹ purọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá náà kì í ṣe ìbéèrè iwájú adájọ́. Ohun tí ó ń wí ni pé àárò ọkọ òun ń sọ òun. Ẹ dá ìyẹn lóhùn: “Àárò Bàbá ń sọ yín, Ìyá. Ó ń sọ èmi náà. Ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe wá fẹ́ yín.” Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọgbẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá ní wọ́n jí owó òun, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ bá a wá a. Ẹni tí ó bá arúgbó jiyàn tí ó sì borí, kí ni ó jẹ?

Òtítọ́ mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ òní kò lè tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀. Ọmọ tí ó bá fa ọwọ́ bàbá rẹ̀ sínú tàdáwà kí ó lè gba oko kajú mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, olè ni níwájú Ọlọ́run, kò sì sí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó pé láìdá ohun tí ó jí padà. Nígbà tí iyè ṣì wà ni kí ìdílé pé jọ, kí àgbà sọ ààlà ilẹ̀, gbèsè àti ìfẹ́ rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

6. Ẹni tí ń tọ́jú àgbà

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹrù yìí wà lórí rẹ̀: ìyàwó ilé kan, tàbí ọmọbìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ. Òun ni kì í sùn lóru, òun náà ni àgbà ń bú pé ó jí òun lówó. Àwọn tí ó wà lókèèrè a fi owó ránṣẹ́. Wọ́n á tún fi àṣẹ ránṣẹ́. Ẹ̀yin ará, owó dára, ṣùgbọ́n owó kì í dìde lóru. Ẹ pín in. Kí ẹnì kan gba ọjọ́ Sátidé, kí ẹnì kejì gba ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù. Bí ó bá rẹ olùtọ́jú, tí ó bínú, tí ó sunkún, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn àgbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ìsinmi rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, Mùsùlùmí àti Kátólíìkì ni ọmọ ìyá kan náà. Ìtọ́jú àgbà jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n lè jọ ṣe láìsí àríyànjiyàn.

7. Ohun tí ìjọ gbọ́dọ̀ ṣe

Orí kẹta Ìwé Síráákì pàṣẹ fún ọmọ pé kí ó ní sùúrù fún bàbá rẹ̀, kódà bí òye rẹ̀ bá ti ń lọ. Ẹ ò rí i pé Ìwé Mímọ́ mọ àìsàn yìí ṣáájú dókítà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1999, Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 79, kọ lẹ́tà sí gbogbo arúgbó ayé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Bẹ́nẹ́díkítì Kẹrìndínlógún wá sí orílẹ̀-èdè wa, ó fọwọ́ sí ìwé Africae Munus ní Ouidah, ó sì ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ipò àwọn arúgbó nínú ìdílé Áfíríkà. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kò yẹ kí ó jẹ́ ilé wa ni yóò gbàgbé rẹ̀.

Ìfòróróyàn àwọn aláìsàn kì í ṣe fún ẹni tí ó ń kú lọ nìkan. Ẹni tí àìlera ogbó ti wọ̀ lára lè gbà á. Ẹ tètè pe Bàbá Àlùfáà. Ní ti Ara Krístì, Póòpù Bẹ́nẹ́díkítì kọ ọ́ ní 2007 pé kí a máa fún àwọn tí ó ti gba ìrìbọmi àti ìfìdímúlẹ̀, bí ọpọlọ wọn kò tilẹ̀ pé, nítorí pé nínú ìgbàgbọ́ ìdílé wọn àti ìjọ tí ó dúró tì wọ́n ni wọ́n fi ń gbà á. Bí ẹ bá mú Sákrámẹ́ntì lọ bá wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà Baba Wa àti Mo Kí Ọ Màríà ní èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn míràn á tún bá yín kọ orin Látìnì tí wọ́n kọ́ ní kékeré, kí Àpérò Vatican Kejì tó parí ní 1965. Ẹ fi Rósárì sí wọn lọ́wọ́. Ìka a máa rántí ohun tí ẹnu gbàgbé.

Àgọ́stínì Mímọ́, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, fi ìrántí wé ààfin ńlá tí ó ní yàrá púpọ̀, ó sì wá Ọlọ́run kiri nínú rẹ̀. Bí ààfin náà bá wá ń wó lulẹ̀ ńkọ́? Wòlíì Àìsáyà dáhùn fún wa: ó ní ìyá lè gbàgbé ọmọ tí ó ń fún lọ́mú, ṣùgbọ́n Olúwa kò ní gbàgbé tirẹ̀. Ìrántí wa nípa Ọlọ́run kọ́ ni ó gbé wa ró. Ìrántí Ọlọ́run nípa wa ni. Mísà tí à ń rú lójoojúmọ́ gan-an, ìrántí ni: ìjọ ń rántí papọ̀, kí ẹni tí kò lè dá rántí má baà wà níta.

Òfin Júbílì nínú Ìwé Léfítíkù, orí 25, ni pé ní ọdún àádọ́ta kí olúkúlùkù padà sí ilẹ̀ ìní rẹ̀ àti sọ́dọ̀ ìdílé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbà mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń wí nírọ̀lẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ jókòó sínú ilé ara wọn: “Ẹ mú mi lọ sílé.” Ilé tí wọ́n ń wá ni ibi tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Àwa ni ilé náà.

Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́ta síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Èkíní, kí a kọ orúkọ gbogbo àgbà tí kò lè jáde mọ́ ní Bassila, ní Manigri àti ní àwọn abúlé, kí ẹnì méjì méjì máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ gba ìtàn ìjọ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí iyè wọn ṣì pé, kí ó tó pẹ́ jù. Ẹ̀kẹta, kí Ọjọ́ Àwọn Òbí Àgbà àti Arúgbó, tí Póòpù Fránsísì dá sílẹ̀ ní 2021, tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kẹrin oṣù keje, jẹ́ ọjọ́ tí a óò gbé wọn wá sí Mísà, kí a sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí Àńnà Mímọ́ àti Jóákímù Mímọ́, òbí Màríà Wúńdíá, gbàdúrà fún àwọn àgbà wa. Kí Ọlọ́run fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní agbára. Kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà rí ẹni rántí wa nígbà tí tiwa bá dé.